Ta Ló Ṣe Ẹ̀rọ Yìí? Ìdánimọ̀ Àwọn Ohun-èlò Ilé-iṣẹ́ Rédíò Àtijọ́

Àwọn ohun-èlò tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò lágbàáyé lò láti nǹkan bí ọdún 1922 títí di àárín àwọn ọdún 1970 kò pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tán nílẹ̀: wọ́n wà ní yàrá ìkẹ́rùsí àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ní ìsọ̀ àwọn tí ń tún rédíò ṣe, àti lọ́wọ́ àwọn tí ń fi owó gidi rà wọ́n nítorí pé ohùn tí ń ti ara wọn jáde ṣì wu àwọn olórin òde òní. Ìbéèrè tí ẹni tí ó bá rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló ṣe é, nígbà wo ló sì ṣe é, ìdáhùn tí ó sì máa ń yá lẹ́nu ni orúkọ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ìdáhùn yẹn gan-an ló ń ṣini lọ́nà jù, nítorí pé nínú òwò yìí, orúkọ iwájú ẹ̀rọ lè jẹ́ ti ẹni tí ó tà á, ó lè jẹ́ ti ẹni tí ó ni àpẹẹrẹ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó lò ó, nígbà tí ẹni tí ó tò ó pọ̀ gan-an wà níbòmíràn tí kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹni tí kò wọ ilé-iṣẹ́ rédíò rí, ó dára kí ó mọ̀ pé ọ̀wọ́ ẹ̀rọ mẹ́rin ni ohùn sábà máa ń gbà kọjá kí ó tó kúrò níbẹ̀. Gbohùngbohùn ni ó ń gba ohùn lẹ́nu atọ́kùn, tí ó sì ń sọ ọ́ di iná mànàmáná tí agbára rẹ̀ kéré jọjọ. Pátákó ìdarí ohùn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kọ́ńsóòlù, ni ó ń po ohùn atọ́kùn mọ́ orin àti ìròyìn, tí ó ń gbé e sókè tàbí tí ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ń yí àwo orin ni ó ń pèsè ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, tí ó sábà máa ń ga ju ènìyàn lọ, ni ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí òpó gíga tí ó ti ń tàn kálẹ̀. Iye irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò tí wọ́n tà fún àwọn ará ilé, wọ́n sì ṣe wọ́n kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọdún gbọọrọ, ìdí nìyẹn tí irin wọn fi nípọn, tí wọ́n fi wúwo, tí ìbòrí ẹ̀yìn wọn sì fi rọrùn láti ṣí fún àtúnṣe.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun àtijọ́ tí ó ṣeé ṣe kí ènìyàn bá nínú àjà ilé bàbá àgbà kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kì í tilẹ̀ ṣe rédíò gan-an. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Èkó, tí ó ń fi wáyà pín ètò BBC ti Lọ́ńdọ̀nù sínú ilé àwọn tí ó bá san owó rẹ̀, Ìbàdàn náà sì ní tirẹ̀ ní ọdún 1939. Àpótí tí wọ́n gbé fún oníbàárà, tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń pè ní rẹdifúṣọ̀n, tí ó sì wà lára ohun tí ó bí orúkọ náà asọ̀rọ̀mágbèsì, jẹ́ sípíkà lásán nínú ilé onígi, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò. Bí àpótí bẹ́ẹ̀ kò bá ní ojú tí wọ́n fi ń wá ìkànnì, tí wáyà tí ó wọ inú rẹ̀ kò sì ju èyí tí ń gbé ohùn wá lọ, kí ẹni tí ó rí i má ṣe wá eríàlì rẹ̀ títí. Kò ní in rí. Ó níyì gẹ́gẹ́ bí ohun ìtàn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ olùgbọ́ ni ó ti wá, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ rédíò.

Gbohùngbohùn ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìrísí rẹ̀ ń yí padà bí ìmọ̀ ṣe ń yí padà. Láti àárín àwọn ọdún 1920 títí di nǹkan bí ọdún 1935, èyí tí ó gbilẹ̀ ní Yúróòpù ni ti Reisz, tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́ ara rẹ̀, tí ìyẹ̀fun èédú sì wà nínú rẹ̀ tí ohùn ń mì. Òkúta yẹn tó láti dá a mọ̀, nítorí pé àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi irin ṣe tiwọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbohùngbohùn ọlọ́já dé. Ọ̀já alumíníọ́mù kan, tí ó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, ni wọ́n ta sáàárín ẹnu òòfà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ohùn bá mì ín, iná mànàmáná díẹ̀ yóò ti ara rẹ̀ jáde. Harry F. Olson, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di ohun tí ilé-iṣẹ́ rédíò lè gbẹ́kẹ̀ lé, tí RCA 44-A sì jáde ní nǹkan bí ọdún 1932, tí 44-BX tẹ̀lé e ní òpin àwọn ọdún 1930. Ojú rẹ̀ fẹ̀, igun rẹ̀ hàn gbangba, òkè rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n irin, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni ilé òòfà ńlá tí ó mú kí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé fi ọwọ́ kan gbé fún ìgbà pípẹ́.

Owó tí RCA ń béèrè lórí 44 náà ga lójú BBC, èyí ni ó mú kí wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Marconi dá tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1934, tí wọ́n pè ní Type A. Lẹ́tà ń lé lẹ́tà lórí orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, títí ó fi di AXBT ní ọdún 1944, nígbà tí wọ́n fi òòfà tí ó lágbára jù ti ìṣáájú sí i. Nítorí náà, lẹ́tà tí ó wà lára gbohùngbohùn BBC ti ìgbà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọdún rẹ̀ tán. Àbúrò 44 ní ilé RCA ni 77, tí èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn, 77-DX, jáde ní ọdún 1954. Orí àti ìdí rẹ̀ yí róbótó, ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì tò yí i ká, tí lẹ́tà U, N àti B sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ibi tí ẹnjiníà ti ń fi ẹnu tọnafíìsì yí i kí ó lè gbọ́ láti iwájú nìkan, láti ibi gbogbo, tàbí láti iwájú àti ẹ̀yìn. Àwọ̀ rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: èyí tí ó ń dán ni wọ́n ṣe fún rédíò, èyí tí ó ní àwọ̀ eérú tí kò dán ni wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, kí iná yàrá má baà tàn lára rẹ̀ wọ ojú kámẹ́rà.

Títí débí, ọ̀rọ̀ kò tíì lọ́ pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ nígbà tí ènìyàn bá rí gbohùngbohùn méjì tí ó rí roboto, tí àwo pẹlẹbẹ kan dùbúlẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí ọ̀kan sì ní orúkọ Western Electric àti nọ́ḿbà 630A lára, tí èkejì rẹ̀ sì ní orúkọ STC àti nọ́ḿbà 4021. Kò sí ẹni tí ó jí iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀. Western Electric ni ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Bell ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì tà fún ITT ní ọdún 1925, tí orúkọ rẹ̀ fi di Standard Telephones and Cables, èyí tí gbogbo ènìyàn gé kúrú sí STC. Àpẹẹrẹ ẹ̀rọ ṣì ń kọjá láti ìyá sọ́dọ̀ ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n ti tà á. Nígbà tí Western Electric fi òwò ohun-èlò rédíò sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ Altec gba díẹ̀ nínú àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀, ó sì ń ṣe wọ́n lọ láìyí nọ́ḿbà wọn padà, tí ó fi jẹ́ pé gbohùngbohùn 639A kan lè jẹ́ ti Western Electric, òmíràn sì lè jẹ́ ti Altec. Ní Jámánì, Georg Neumann, tí ó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1928, ni ó ṣe U 47 tí ó jáde ní ọdún 1949, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Telefunken ni ó ní ẹ̀tọ́ láti tà á, ìdí nìyẹn tí àmì Telefunken fi wà níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn láìjẹ́ pé Telefunken fi ọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ELA M 251, tí ó ń jẹ́ ti Telefunken lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ti wá láti ilé-iṣẹ́ AKG ní Vienna.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ yóò yí ẹ̀rọ náà padà, yóò sì wá irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ẹ̀yìn tàbí inú ilẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n tẹ orúkọ kíkún ti ilé-iṣẹ́, ìlú, nọ́ḿbà irú ẹ̀rọ, nọ́ḿbà ti ẹyọ kan náà nìkan, àti iye iná tí ó ń lò sí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí irin yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tí Guglielmo Marconi dá sílẹ̀ ní ọdún 1897, tí iléeṣẹ́ ńlá rẹ̀ wà ní Chelmsford, ń jẹ́ Marconi's Wireless Telegraph Company láti ọdún 1900 títí di ọdún 1963, ọdún 1963 yẹn sì ni ó di The Marconi Company; English Electric ti rà á ní ọdún 1946, ṣùgbọ́n kò yí orúkọ náà padà nígbà náà. Nítorí náà, ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí irin rẹ̀ dárúkọ “Wireless Telegraph” kò lè jẹ́ ti ọdún 1970, bó ti wù kí ẹni tí ń tà á búra tó. Ọ̀fìn kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Marconiphone, tí ó wà lára ọ̀pọ̀ rédíò ilé, ti kúrò lọ́wọ́ Marconi láti ọdún 1929 nígbà tí wọ́n tà á fún Gramophone Company, tí òun náà wọ inú EMI ní ọdún 1931. Rédíò Marconiphone ti ọdún 1938 kò mọ ọ̀nà Chelmsford rárá.

Ti ilé-iṣẹ́ Gates tún dùn ún tẹ̀lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú kékeré Quincy ní ìpínlẹ̀ Illinois ni Henry Gates àti ìyàwó rẹ̀ Cora ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1922, tí ọmọ wọn Parker, tí kò tíì tó ọmọ ogún ọdún, sì wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọn tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì kan, ìyẹn ọ̀wọ́ BC-1, tàn ká àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò kéékèèké ní Amẹ́ríkà. Bí irin rẹ̀ bá ka Gates Radio Company nìkan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ìṣáájú ọdún 1957. Bí ó bá fi kún un pé Harris-Intertype ni ó ni Gates, ó jẹ́ ti ẹ̀yìn ọdún náà. Bí ó bá jẹ́ Harris Corporation, ọdún 1974 ni ó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá rí GatesAir má sì yọ̀ pé òun ti rí ohun àtijọ́, nítorí pé ọdún 2014 ni orúkọ Gates tún padà wá sí ojú pátákó. Collins Radio ti Cedar Rapids ní Iowa, tí Arthur Collins dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, wọ inú Rockwell ní ọdún 1973, irin tí ó bá sì pa orúkọ méjèèjì pọ̀ kò lè ṣáájú ọdún yẹn. RCA ní tirẹ̀ rọrùn: àmì roboto tí mànàmáná kọjá nídìí lẹ́tà rẹ̀ ni ó lò títí di ọdún 1968, tí ó fi lẹ́tà tuntun tí kò ní òbíríkítí rọ́pò rẹ̀. Nọ́ḿbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MI jẹ́ ti ìwé àkójọ ọjà RCA, BTA sì ni wọ́n fi ń ṣáájú nọ́ḿbà ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ AM, BTF fún ti FM.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó ní ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. BBC ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ń ya àpẹẹrẹ, tí ó sì ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ òde níwèé àṣẹ láti ṣe é, ìdí nìyẹn tí sípíkà LS3/5A tí ó ti inú àwọn ọdún 1970 wá fi lè ní orúkọ Rogers, Spendor, Chartwell tàbí KEF lára, nígbà tí àpẹẹrẹ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Nọ́ḿbà yẹn fúnra rẹ̀ ń ròyìn: LS túmọ̀ sí sípíkà, 3 sì túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ìta ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ láti pápá ìṣeré tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, 5 ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀ bí ó bá jẹ́ ti inú yàrá ilé-iṣẹ́. Gbohùngbohùn 4038 pẹ̀lú jẹ́ ọmọ BBC tí STC tọ́, tí ilé-iṣẹ́ Coles sì ń ṣe títí di òní. Ní Jámánì, V72, ẹ̀rọ kékeré tí ń gbé ohùn gbohùngbohùn sókè, jẹ́ ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba fẹnu kò sí. Telefunken, Siemens, Maihak àti TAB ni wọ́n ṣe é, gbogbo wọn tóbi bákan náà, wọ́n sì wọ inú àpótí kan náà, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òmíràn yóò gba ipò rẹ̀ láìbìkítà orúkọ tí ó wà níwájú rẹ̀.

Bí irin ìdánimọ̀ bá ti jábọ́, mítà ni kí ènìyàn wò. Bí ilà ojú ṣe máa ń sọ ìlú ẹni ní ayé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni mítà ń sọ orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ rédíò ti wá. Bí ojú mítà náà bá dúdú, tí nọ́ḿbà funfun láti 1 dé 7 wà lórí rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì funfun, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, irú èyí tí BBC gbé jáde ní ọdún 1938, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń fò sókè wéré nígbà tí ohùn bá bú jáde, tí yóò sì rọra máa sọ̀ kalẹ̀ kí ojú ẹnjiníà lè rí i. Bí ojú rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí wàrà, tí apá ọ̀tún rẹ̀ sì pọ́n láti orí òdo lọ, ti Amẹ́ríkà ni, mítà VU tí ilé ìwádìí Bell àti àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò NBC àti CBS fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1939; abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kì í yára, nítorí pé bí ohùn ṣe pọ̀ tó létí ènìyàn ni wọ́n fẹ́ kí ó máa sọ. Ti Jámánì sábà máa ń jẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan tí ń sáré lórí gíláàsì gígùn, láìsí abẹ́rẹ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó tètè ń ya ẹ̀rọ sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ báyìí, àwọn tí ń tà á kì í sì í sábà rántí láti pa á rẹ́.

Inú ẹ̀rọ ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù wà, níbi tí kò sí ẹni tí ó ṣe é kí oníbàárà lè rí i. Kí transistor tó gba ipò ní àwọn ọdún 1960, ohun tí ń gbé ohùn sókè ni valve, ìgò kékeré tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wáyà kan ń gbóná nínú rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi iye fólítì tí wáyà yẹn ń lò bẹ̀rẹ̀ orúkọ valve wọn, bíi 6SN7 tí ń lo fólítì 6.3 àti 12AX7 tí ń lo 12.6, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ń fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ tiwọn, bíi ECC83 tàbí EL34, tí E ibẹ̀ túmọ̀ sí fólítì 6.3. ECC83 àti 12AX7 jẹ́ nǹkan kan náà tí ó ní orúkọ méjì, nítorí pé wáyà inú rẹ̀ ṣeé so kí ó lo fólítì 6.3 tàbí 12.6. Ṣùgbọ́n valve ni ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ jù nínú ẹ̀rọ, nítorí náà orúkọ tí ó wà lára ìgò kò tó ẹ̀rí; èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí ìgò náà wọ̀ ni ó sọ ohun tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ní lọ́kàn.

Lára àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n jó mọ́ inú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, pàápàá ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò, kapásítọ̀ ńlá àti tíránsífọ́mà, ènìyàn yóò rí nọ́ḿbà mẹ́fà tàbí méje tí wọ́n tẹ̀ láìní àlàyé. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni orúkọ ẹni tí ó ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn olùṣe ẹ̀rọ ti pín wọn: 137 jẹ́ CTS ti Elkhart ní Indiana, 304 jẹ́ Stackpole, 235 jẹ́ Mallory, 274 jẹ́ RCA fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó kù ni ọdún àti ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, 1376241 túmọ̀ sí pé CTS ni ó ṣe é, ní ọ̀sẹ̀ kọkànlélógójì ọdún 1962. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà péré, bíi 137541, nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni ọdún ní, ó sì lè jẹ́ 1945 tàbí 1955, tí olùṣèwádìí yóò fi ìrísí ohun náà mọ èyí tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá kọ ogún irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ kan yóò rí i pé ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn, ẹ̀rọ náà kò sì lè dàgbà ju èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn lọ. Bí ọ̀kan bá dá yàtọ̀, tí ó fi ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí àwọn yòókù, ẹnìkan ni ó pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò yá, ojú a sì máa ro ni, ṣùgbọ́n òun ni ó sàn ju gbogbo àríyànjiyàn lórí orúkọ iwájú lọ.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ oní-téèpù ní ìtàn kan tí ó ṣàlàyé ìdí tí gbogbo wọn fi jọra. Ilé-iṣẹ́ AEG ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ Magnetophon han aráyé ní Berlin ní ọdún 1935. Nígbà tí ogun parí, àwọn tí ó ṣẹ́gun kó àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ sílé. Jack Mullin, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, kó méjì lọ, ó sì fi wọ́n han àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní San Francisco ní ọdún 1946. Láti ibẹ̀ ni Ampex, ilé-iṣẹ́ kékeré tí Alexander Poniatoff dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1944, ti ṣe 200A rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1948. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, EMI ti Hayes ṣe BTR tirẹ̀, tí BTR/2, alárà ńlá aláwọ̀ ewé, wà ní BBC fún ọdún gbọọrọ. Ènìyàn lè ya wọn sọ́tọ̀ láìka orúkọ kankan: ti Jámánì sábà máa ń gbé téèpù tí kò ní ìbòrí ẹ̀gbẹ́, tí a ká mọ́ ìdí irin lásán, tí ojú tí ó ní ìyẹ̀fun òòfà sì kọ sí ìta, ti Amẹ́ríkà ń lo àgbá irin tí ihò àárín rẹ̀ tóbi, tí ojú yẹn sì kọ sí inú. Àwọn tí akọ̀ròyìn ń gbé kọ́ èjìká kò nira: EMI L2 láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Nagra III tí Stefan Kudelski, ọmọ Pólándì tí ó tẹ̀dó sí Súwísálándì, gbé jáde ní ọdún 1958, àti Uher Report ti Munich tí ó tẹ̀lé wọn, tí ó sì fúyẹ́ ju méjèèjì lọ.

Iye iná tí wọ́n kọ sára irin ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kì í ṣe fún ìdánimọ̀ nìkan. Mọ́tò ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀lé ìgbì iná mànàmáná, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ti Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 50. Ẹni tí ó bá ra Ampex tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, tí ó sì fi tíránsífọ́mà sọ iná 230 di 117, yóò rò pé òun ti ṣe ohun gbogbo tán, ṣùgbọ́n téèpù tí ó yẹ kí ó sáré ínǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìṣẹ́jú-àáyá yóò máa sáré méjìlá àbọ̀, ohùn olórin yóò sì wúwo bí ẹni tí oorun ń kùn. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ náà.

Ní ti ayédèrú, ohun tí ó wọ́pọ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ èké bí kò ṣe orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ gidi, tàbí ẹ̀rọ tuntun tí ẹni tí ó ṣe é kò pè ní àtijọ́ ṣùgbọ́n tí ẹni tí ń tà á fẹ́ kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ AEA ti California ń ṣe R44 tí ó jọ RCA 44 gidigidi, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Shure kò tíì dáwọ́ dúró lórí ìran 55 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, àmọ́ àwọn tuntun kéré sí àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Àwo kékeré tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò máa ń fi sórí gbohùngbohùn wọn náà ń dàrú ọ̀rọ̀. NBC lórí RCA 44 sábà máa ń túmọ̀ sí National Broadcasting Company ti Amẹ́ríkà, tí RCA dá sílẹ̀ ní ọdún 1926. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1957, Nigerian Broadcasting Corporation náà ń jẹ́ NBC, títí di ọdún 1978 tí ó di FRCN, tí gbohùngbohùn tí ó bá sì ti yàrá ìkẹ́rùsí ní Ìkòyí jáde pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta yẹn kò níláti tíì rí New York rí.

Ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ nìkan ni kò yẹ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣí láti wo nọ́ḿbà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì ni ó ń lò, àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ sì lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ iná rẹ̀, bí kò bá jẹ́ pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti kọ́kọ́ fi wáyà ilẹ̀ tú agbára wọn jáde. Òróró tí ó wà nínú díẹ̀ nínú àwọn kapásítọ̀ àti tíránsífọ́mà ìgbà náà, tí ń jẹ́ PCB, jẹ́ májèlé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fòfin dè. Ní tirẹ̀, ìwé ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wá. Àpò kan sábà máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ìwé ìtọ́ni àti àwòrán wáyà, ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ní ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn ẹnjiníà ń kọ lójoojúmọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí ó bàjẹ́, ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé yẹn ni ó lè sọ ẹni tí ó fi kapásítọ̀ ọdún 1962 sínú ẹ̀rọ ọdún 1948, ọjọ́ tí ó ṣe é, àti ìdí tí kò fi lo irú èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.